Tí Epo Bẹntiróòlù Bá Dà Sára Ọkọ̀ Yín: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Láti Ilé Epo Títí Dé Ilé

Tí ọkọ̀ bá ti wọ ọgbà wa, abẹ́ ẹnu tánkì ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Ibi ìfọkọ̀ ni mo ní, lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé níbí ní Àkúrẹ́. Tí mo bá rí ipa kan níbẹ̀ tó ṣàn wálẹ̀ bí omijé, tí ó ṣú, tí kò dán bí ara ọkọ̀ yòókù, mo ti mọ̀ pé epo ti dà síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àkísà gbígbẹ ni wọ́n sì ń fi nù ún. Ó máa ń dùn mí, torí pé píọ̀ wọ́tà méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá ti yọ ọkọ̀ náà.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò nílẹ̀, epo ò ṣeé fi ṣeré mọ́. Lítà tí kò tó 200 náírà nígbà náà ti kọjá 1,000 náírà kí oṣù kẹwàá ọdún 2024 tó parí. Gbogbo wa la fẹ́ kó kún dé góńgó, kó má ku ẹ̀kán kan. Níbi tí a ti ń lé ẹ̀kán yẹn gan-an ni epo ti ń tú jáde sórí pẹ́ńtì.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ẹnu tánkì, kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ jin díẹ̀ bí àwo, ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ àwo náà. Ihò yẹn ló ń gbé omi òjò àti epo tó bá dà gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sílẹ̀, kó má bàa gba ara ọkọ̀. Eruku pupa ìlú wa yìí a máa dí i pa. Mo ti fi igi ìtayín gbẹ́ amọ̀ tó gan bíi bíríkì kúrò níbẹ̀, nínú ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ń tọ́jú bí ẹyin. Kí ìdérí tánkì wà ní títì, ẹ da omi díẹ̀ síbẹ̀ wò. Tó bá ń kán lábẹ́ ọkọ̀, ihò náà ń ṣiṣẹ́. Tó bá dúró bí adágún, epo tó bá dà kò ní ọ̀nà mìíràn ju orí pẹ́ńtì lọ.

Ẹ yẹ rọ́bà róbótó tó wà nínú ìdérí náà wò. Tó bá ti là tàbí tó ti le gbagidi, epo á máa ta jáde ní gbogbo kọ́nà tí ẹ bá yà. Ẹ ra òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá aṣọ rírọ̀ méjì tó mọ́ tónítóní (síńgìlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí kò ní ike tàbí bọ́tìnì lára dára púpọ̀), ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá kí eruku má dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà méjì. Ohun gbogbo tí ẹ nílò fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìyẹn.

Níbi pọ́ǹpù

Lórí géèjì epo ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán pọ́ǹpù. Ẹ̀gbẹ́ tí ọfà náà bá nà sí ni ẹnu tánkì wà. Ẹ wò ó kí ẹ tó tò, kó má di pé wọ́n ń wọ́ rọ́bà pọ́ǹpù kọjá lórí búùtù. Ilẹ̀ ni rọ́bà yẹn ń sùn láti àárọ̀, iyanrìn ló wà lára rẹ̀.

Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí sìgá, kò sí ìṣáná. Ooru epo, ìyẹn èyí tó ń fò lára rẹ̀ bí èéfín, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn, ojú ò sì rí i. Epo bẹntiróòlù kò dúró de oòrùn kó tó tú ooru tó lè gbiná: kódà nínú òtútù tó lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ṣì ń tú u. Kò sí òwúrọ̀ kankan ní Àkúrẹ́ tó tutù dé ìdajì ibẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, tí ara ń gbẹ, tí irun ń ta pàràpàrà tí ẹ bá bọ́ aṣọ, iná mànàmáná kékeré tó lè ta sí ooru epo a máa gbára jọ sí ara wa bí a ṣe ń fi aṣọ ha àga ọkọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan irin ara ọkọ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn tí ẹ gbà jáde kí ẹ tó súnmọ́ ẹnu tánkì, ẹ má sì padà wọlé jókòó kó tó parí. Mo fẹ́ kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ó rí i pé mítà bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ ó sì rí ibi tí wọ́n gbé ìdérí tánkì sí. Ìdérí yẹn máa ń tutù fún epo. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro lórí okùn rẹ̀, ara pẹ́ńtì ló ń gbá, tó sì ń kán sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ibi ìfikọ́ kékeré fún un lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ẹnu tánkì. Ẹ ní kí wọ́n fi kọ́ ọ.

"Tá!" Ó ti tó

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí.

Ihò kékeré kan wà ní ẹnu pọ́ǹpù, nítòsí ibi tí epo ti ń jáde. Bí epo ṣe ń ṣàn, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ihò náà. Nígbà tí epo inú ọkọ̀ bá gòkè, tó bo ihò náà, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé mọ́. Agbára ìfà yẹn á wá já ọwọ́ pọ́ǹpù, ẹ ó gbọ́ "tá!", epo á dá. Ó ti kún nìyẹn. Àyè tó kù lókè kì í ṣe àyè epo. Àyè ooru ni.

Inú ilẹ̀ ni epo wà ní ilé epo, ó tutù níbẹ̀. Tó bá wọ inú ọkọ̀ tí ẹ gbé dúró sí oòrùn ọ̀sán lẹ́bàá Ọjà Ọba, ó ń gbóná, ó sì ń wú. Lítà 50 tó bá fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius á fi nǹkan bí ìdajì lítà pọ̀ sí i. Níbo ni ìdajì lítà yẹn fẹ́ gbà? Tí ẹ bá tún wá gbé ọkọ̀ náà gun òkè lọ́nà Ìdànrè, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ọkọ̀. Èyí tí kò bá gba ẹnu tánkì jáde lè wọ inú àpótí èédú tó ń gba ooru epo nínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé. Ooru ni wọ́n ṣe àpótí náà fún. Epo tó ń ṣàn a máa bà á jẹ́, mẹkáníìkì á sì gba owó gidi kó tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Pọ́ǹpù já ní 38,600. Ọmọ tó ń ta epo yíjú sí yín: "Dádì, ẹ jẹ́ kó pé 40,000." Ó ti fi ọwọ́ kan mi ọkọ̀ jìgìjìgì, ó ń fi èkejì tẹ pọ́ǹpù díẹ̀díẹ̀. Owó pípé ló ń da epo sórí pẹ́ńtì ní ìlú yìí ju àìbìkítà lọ. Ní báyìí tí POS àti tíránsífà ti wà níbi gbogbo, kò sídìí tí owó epo fi gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi. Ohun tí èmi máa ń sọ ni pé, "Àbúrò, tó bá ti já, ó ti tó. Iye tó bá wà níbẹ̀ ni mo máa san. O ṣeun." Mo máa ń sọ ọ́ kó tó fi ẹnu pọ́ǹpù bọ tánkì, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti já.

Tó bá ń fa ẹnu pọ́ǹpù yọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ lè fi ka ení dé márùn-ún kí ìyókù kán sínú tánkì, kó wá yí ẹnu rẹ̀ sókè kó tó gbé e kọjá lára ọkọ̀. Ìdajì àwọn àbàwọ́n tí mo ń rí, ibi ìfàyọ yìí ni wọ́n ti wá.

Tó bá ti dà

Ẹ má bínú, ẹ má pariwo mọ́ ọmọ náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Tó bá pọ̀ débi pé ó ti ṣe adágún lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má ṣáná sí ọkọ̀. Garawa pupa tó kún fún iyanrìn wà ní ilé epo, ẹ ní kí wọ́n dà á lé e. Kí ẹ wá jọ ti ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó tan án.

Tó bá jẹ́ ara ọkọ̀ nìkan ló dà sí, ẹ mú aṣọ mímọ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ lé epo náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ gbé e kúrò. Ẹ ṣẹ́ ẹ padà sí ibi tó gbẹ, ẹ tún tẹ́ ẹ. Ẹ má nù ún. Ẹ má gbo ó. Ẹ má gba àkísà tí ọmọ ilé epo bá nà sí yín, bó ti wù kí ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ nà án.

Ojú mi rí i kí n tó mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, epo dà sára ọkọ̀ dúdú tí mo ń gùn nígbà náà, ní ilé epo kan láàárín ìlú. Mo gba àkísà, mo sì nù ún yíká yíká pẹ̀lú agbára. Epo lọ, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì tí oòrùn tàn sí i, mo rí ìlà wínníwínní bí òwú aláǹtakùn, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Epo ti fọ wáàsì tó ń dáàbò bo pẹ́ńtì kúrò, mo sì wá fi eruku Àkúrẹ́ àti iyanrìn inú àkísà ha ibi tó wà níhòòhò. Kì í ṣe epo ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi aṣọ gbà á, ẹ já ẹnu píọ̀ wọ́tà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ibi tó dà sí, kí ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn wálẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tí epo gbà, títí dé etí bọ́ńpà àti gbogbo ike dúdú tó bá kàn. Omi àti epo kì í pò, omi kò lè yọ́ epo, ṣùgbọ́n á gbé èyí tó kù lọ, á sì mú ara ọkọ̀ tutù kí epo má tètè gbẹ lórí rẹ̀. Gbígbẹ yẹn ni wàhálà. Ohun tó ń fò lọ nínú epo á fò lọ, àwọn èròjà inú rẹ̀ tí kò lè fò á sì dúró gẹ́gẹ́ bí àbàwọ́n pípọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lára irin tó ti gbóná lóòrùn, kì í pẹ́ rárá. Ẹ fi aṣọ kejì tẹ ibẹ̀ gbẹ. Ẹ lè máa lọ.

Nílé, lọ́jọ́ náà gan-an

Ẹ má fi sílẹ̀ di Sátidé. Ẹ gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ibòòji, kí ara rẹ̀ tutù. Ẹ da omi sí i dáadáa kí eruku kọ́kọ́ lọ. Ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ ló dára jù. Tí kò bá sí, ẹ̀kán díẹ̀ nínú ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ nínú garawa omi kan á ṣe é fún ibi tó dà sí nìkan. Ọṣẹ náà ló ń ká epo lára irin, omi lásán kò lè ṣe é. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Omo. Ó le jù fún pẹ́ńtì, hóró rẹ̀ tí kò bá yọ́ a sì máa ha á.

Fóòmù rírọ̀ ni kí ẹ lò, láti òkè wá sísàlẹ̀, kì í ṣe ní róbótó. Ẹ ní garawa kejì tí ẹ ó máa fi ṣan fóòmù náà kí ẹ tó tún kì í bọ ọṣẹ. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ẹnu tánkì, kí ìdérí rẹ̀ wà ní títì pinpin, kí ẹ fọ inú àwo yẹn náà. Ẹ ṣàn án, ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbẹ ẹ́. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ tún un fọ̀.

Kí ẹ wá wò ó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa tàn lé e. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka ra á.

Tó bá dán, tó sì ń yọ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹ fi wáàsì bò ó, ó parí.

Tó bá ṣú, tàbí tó ní àbàwọ́n, ṣùgbọ́n tó le, tó sì tẹ́jú, ẹ fi pọ́líìṣì díẹ̀ sórí fóòmù, ẹ rọra fi pa á, kí ẹ máa nù ún wò. Tí pọ́líìṣì ò bá ká a, ẹ jẹ́ kí pẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ fi kọ́ńpáǹdù ṣe é. Kọ́ńpáǹdù ń jẹ pẹ́ńtì díẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí a ń lò ní gbogbo oṣù. Wáàsì ni yóò gbẹ̀yìn.

Tó bá rọ̀ tí ìka bá kàn án, tó ń lẹ̀, tàbí tó wú bí awọ tó jóná, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ má fi nǹkan kan pa á. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibòòji kó dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nígbà mìíràn ó máa ń le padà, a ó sì lè tún un dán. Tó bá ti kákò, kíkùn tuntun ló kàn.

Èyí kẹta yìí, ara ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn níbí ló ti pọ̀ jù. Iná gbígbóná ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi máa ń yan pẹ́ńtì rẹ̀, ó gan pọ̀ mọ́ra, kílíà (pẹ́ńtì tí kò láwọ̀, tó ń bo ti ìsàlẹ̀) sì wà lórí rẹ̀. Ìgbà díẹ̀ tí epo bá fi kàn án kì í ràn án. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ti gba ọwọ́ pàńẹ́ẹ̀lì bítà kọjá. Tí pẹ́ńtà bá lo pẹ́ńtì tó jẹ́ pé tínà nìkan ni wọ́n fi pò ó, tí kò sí háádínà (èròjà tó ń mú pẹ́ńtì gan) níbẹ̀, pẹ́ńtì náà kàn gbẹ ni, kò gan. Ohun tí tínà yọ́, epo bẹntiróòlù náà lè yọ́ ọ tàbí kó sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹ lè dán an wò: ẹ kán tínà díẹ̀ sí aṣọ funfun, ẹ fi nu ibi kọ́lọ́fín kan tí wọ́n kùn, bí inú ìlẹ̀kùn ẹnu tánkì. Tí àwọ̀ ọkọ̀ bá jáde sára aṣọ, ẹ ti mọ irú pẹ́ńtì tó wà lára ọkọ̀ yín. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ "tá!" kejì láéláé.

Ara yín, aṣọ yín, ẹnu yín

Tó bá dà sí awọ ara, ọṣẹ àti omi. Tó bá ta sójú, omi mímọ́ tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ ṣí ojú sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá rin aṣọ yín, ẹ kúrò nítòsí iná, ẹ fi omi rin aṣọ náà kí ẹ tó bọ́ ọ, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ẹ má fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí tó bá ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn, bó ti wù kó kéré tó. Tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fi ìka sí i lọ́fun kó bì. Bíbì ni yóò gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Aṣọ tí ẹ fi gba epo kò gbọdọ̀ wọ búùtù, kò sì gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná. Ẹ na án síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù, títí kò fi ní rùn mọ́, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lẹ fẹ́ rọ epo sí, ilẹ̀ ni kí ó wà, kì í ṣe inú búùtù, ẹ má sì rọ ọ́ dé ẹnu.

Iná náà ńkọ́? Agolo ìpaná onílẹ́búlẹ́bú tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń béèrè lọ́wọ́ yín, ibi tí ọwọ́ yín lè tètè tó o ni kí ó wà, kì í ṣe abẹ́ táyà ìpààrọ̀. Tí iná bá sọ nígbà tí ẹnu pọ́ǹpù ṣì wà nínú tánkì, ẹ má fà á yọ. Ẹ pe àwọn ọmọ ilé epo kí wọ́n pa pọ́ǹpù, ẹ sá kúrò níbẹ̀. Omi kọ́ la fi ń pa iná epo. Ẹ pe 112.

Fún ẹni tí wọ́n bá tún ibi kan kùn fún: ẹ ní kí pẹ́ńtà pò ó pẹ̀lú háádínà, kó sì fi kílíà lé e, kódà tó bá jẹ́ ìlẹ̀kùn ẹnu tánkì àti abẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ má fi wáàsì sí i lójú ẹsẹ̀, pẹ́ńtì tuntun ṣì ń mí. Ẹ fún un ní oṣù kan ó kéré tán, omi àti ọṣẹ ìfọkọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú un wá kí á fi wáàsì bò ó. Tí a bá ṣe é dáadáa, ẹ ó rí i tí omi bá kàn án: á ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, á sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀.